Saworoidẹ tàbí Aníkúlápó: èwo ni ká kọ́kọ́ wò?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá fíìmù Yorùbá tó nítumọ̀ kì í yé béèrè èyí. Túndé Kèlání ló darí Saworoidẹ lọ́dún 1999. Kúnlé Afọláyan ló darí Aníkúlápó, tó jáde lórí Netflix lọ́dún 2022. (Kúnlé yìí kan náà ló kó ipa Arẹ́sẹ́jábàtà nínú Saworoidẹ o!)

Tó bá jẹ́ ti ojú, Aníkúlápó ló gba iwájú: aṣọ, ààfin, ilé alámọ̀, gbogbo rẹ̀ ló dùn ún wò. Àwòrán Saworoidẹ ti gbó.

Ti èdè ńkọ́? Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Saworoidẹ, ó sì hàn. Lápité tó jọba ìlú Jogbo nínú fíìmù náà kọ̀, kò ṣe ètùtù ìbúra tó tọ́ sí ọba Jogbo, kò sì sí ẹni tó kàn jókòó ṣàlàyé ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún wa. Ìlù àti orin ló ń sọ ọ́. Àwọn ará Aníkúlápó náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kì í jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ létí mi.

Aníkúlápó lé ní wákàtí méjì, ó ń jẹ dátà, ìran ìbálòpọ̀ nínú iyàrá sì wà nínú rẹ̀.

Bí ọmọ bá wà nílé, tàbí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba lẹ fẹ́ jiyàn lé lórí, ẹ gbé Saworoidẹ. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tó fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ àti idán, Aníkúlápó ni kẹ́ ẹ fi hàn án.