Wọ́n gba àga mi nítorí kóòṣì tuntun: àgbéyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì sáà mi

Ọdún 9 rèé tí mo ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mi, èyí téèyàn ń sanwó ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sáà kó lè ní àga tiẹ̀ ní pápá, àga kan ṣoṣo ni mo sì ń jókòó sí látìgbà yẹn, ìlà 14, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níwájú ìlà àárín gan-an. Bí wọ́n ṣe ń rà á àti iye eré tó wà nínú ẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀yẹn, mi ò ní fi da yín láàmú. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí ni nǹkan tójú mi rí lẹ́nu géètì nígbà tí kóòṣì tuntun ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn débi tọ́wọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo gbé fóònù tí tíkẹ́ẹ̀tì mi wà nínú ẹ̀ sójú ẹ̀rọ ẹnu géètì, iná pupa. Mo tún gbé e, iná pupa. Ọmọbìnrin tó dúró níbẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ nu ojú ẹ̀, ó bá mi gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, pupa náà ni. Ó wá wo ìwé kan tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, wọ́n ti yọ ìlà 13 dé 15 kúrò nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Èmi náà, àárọ̀ yìí ni mo mọ̀." Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì, òdìkejì pápá nìyẹn o, mo sì fẹsẹ̀ rìn yí gbogbo ẹ̀ ká, nígbà tí mo máa fi débẹ̀ èèyàn bí ogún ló ti tò síwájú mi, gbogbo wọn ni mo mọ̀ lójú, àwa tá a jọ ń jókòó ni. Orí ìlà yẹn la wà tí ariwo fi sọ nínú pápá. A ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ìṣẹ́jú kẹfà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ariwo gólì ẹgbẹ́ tiẹ̀ látẹ̀yìn ògiri rí ló máa mọ bó ṣe rí lára.

Kí n sọ òótọ́, mi ò fẹ́ràn kóòṣì yẹn tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 31, kápíténì wa gan-an fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, eré méjì tó kọ́kọ́ bá wa dé la sì pàdánù. Mo wà lára àwọn tó ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Orí ìlà yẹn náà ni mo ti ń sọ ọ́, mo ní ṣé wọ́n ti gbàgbé Villas-Boas ni, kóòṣì ọmọ ọdún 33 tó fi Porto gba líìgì ní sáà 2010 sí 2011 láìpàdánù eré kan ṣoṣo, ó tún gba Europa League mọ́ ọn, Chelsea wá gbé e, kí oṣù kẹta 2012 tó parí wọ́n ti lé e, wọ́n ní òun àtàwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ò gbọ́ra wọn yé. Màmá kan tó máa ń jókòó ní ìlà 13 yíjú sí mi. "Ọmọ mi, Nagelsmann ńkọ́? Ọmọ ọdún 28 ni nígbà tí Hoffenheim gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní oṣù kejì 2016, ẹgbẹ́ tó ti fẹ́ jábọ́ nínú líìgì, ó yọ wọ́n, sáà tó tẹ̀ lé e ipò kẹrin ni wọ́n ṣe ní Jámánì." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo dákẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ó kàn mí. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kóòṣì ló ní òun fẹ́ ibẹ̀ fún àwọn tó ń bá a yẹ eré wò, wọ́n ti kó tábìlì àti kọ̀ǹpútà síbẹ̀. A ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín." Mo ní ìgbà wo? Ó tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Alẹ́ àná, aago 11 kọjá." Aago 11 alẹ́, tí eré wà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì! Mo ní àbúrò, ọdún 9 ni mo ti jókòó síbẹ̀, nọ́ńbà fóònù mi wà lọ́wọ́ yín, ṣé ẹnì kan ò lè pè mí ni? Kò dáhùn ìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀yìn àwọ̀n ló kù, ìlà 3. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ àbí ẹ ò fẹ́?" Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ó dùn mí ju àga lọ, torí bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó wá tọrọ nǹkan sọ̀rọ̀ ló ṣe bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí mo ti sanwó láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Mo gbà á. Ìṣẹ́jú 25 ni mo tó jókòó.

Ẹ̀yìn àwọ̀n ò ní òrùlé tó dé ìlà 3, tí òjò bá rọ̀ ẹ máa tutù, kí ẹ mọ̀. Apá òdìkejì pápá sì jìnnà sójú.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí kóòṣì ọmọdé yẹn ń ṣe. Láti ìlà 14, ohun tí mo máa ń rí ò ju pé aṣọ́lé wa tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kò gbá a jáde, àyà mi á máa já, èmi náà á sì máa pariwo pé gbá a lọ jàre. Láti ẹ̀yìn àwọ̀n, ojú ọ̀nà ló là sílẹ̀ fún èèyàn. Aṣọ́lé ń tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kí sítíráíkà wọn lè wá bá a ni. Dífẹ́ńdà apá òsì wa á ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ti wọ àárín, á dúró ti nọ́ńbà 6, ìyẹn ẹni tó máa ń dúró níwájú àwọn dífẹ́ńdà, wíngà, ẹni tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ pápá, á wá dúró sẹ́nu ìlà lóun nìkan. Àwọn méjì tó wà níwájú wọn ò lè mú gbogbo wa tán, ẹnì kan nínú àwọn tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ jáde wá ràn wọ́n lọ́wọ́, bó bá sì ti jáde báyìí, ẹni tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni bọ́ọ̀lù ń lọ bá. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé èèṣì ni. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ààbọ̀ eré tó parí. Ní ìṣẹ́jú 58 wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, páàsì mẹ́ta péré, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n lápá ọ̀hún, mo dì mọ́ ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí.

A ò wá borí o. Ibi tí dífẹ́ńdà apá òsì fi sílẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbà wọlé wa lẹ́ẹ̀mejì, kápíténì ní láti máa sáré lọ dí i, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá tó bẹ́ẹ̀ mọ́, 2-2 ló parí. Ní ìṣẹ́jú 75 kóòṣì yọ kápíténì kúrò, gbogbo pápá sì hó lé e lórí. Èmi ò hó. Mo ti rí ibi tó ń jò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa kóòṣì látìgbà yẹn ni pé kò pa kápíténì tì. Ó sọ àwọn dífẹ́ńdà ẹ̀yìn di mẹ́ta, ó fi bàbá yẹn sáàárín, níbi tí kò ti ní láti máa sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló máa ń wá bá a níwájú, òun ló wá ń pín páàsì fún gbogbo wọn báyìí. Ọmọ ọdún 31 ló rò ó bẹ́ẹ̀, tó sì lè fẹnu bá ẹni tó jù ú lọ sọ ọ́ tí onítọ̀hún gbà. Látọjọ́ yẹn ẹ̀ẹ̀mejì péré la tíì pàdánù. Màmá ìlà 13, tó ti di aládùúgbò mi ní ìlà 3, máa ń rán mi létí pé Guardiola gan-an, ọmọ ọdún 37 ní 2008, Numancia nà án 1-0 nínú eré líìgì tó kọ́kọ́ ṣe ní Barcelona, ó ta 1-1 pẹ̀lú Racing lẹ́yìn ìyẹn, ife mẹ́ta ló sì kó ní sáà náà.

Tí ọ̀rọ̀ bá kan ọ́fíìsì, inú ṣì ń bí mi. Mo ti kọ ímeèlì mẹ́ta. Ẹ̀rọ ló dáhùn àkọ́kọ́. Ìkejì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọn ò sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ìkẹta ò tíì lésì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, àfi ọmọbìnrin ẹnu géètì yẹn, tó dúró dè mí lẹ́yìn eré lọ́jọ́ náà, tó bi mí pé, "Sà, ṣé ẹ padà ríbi jókòó?" Iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Tí ọ̀gá kankan níbẹ̀ bá ń ka eléyìí, ẹ wá a rí, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo ti san ti sáà tó ń bọ̀, ìlà 3 náà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.