Ìtàn Bessie Coleman ní ilé ìtàwé kan ní Súrùlérè

Ní Sátidé tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí ilé ìtàwé kan ní Súrùlérè, níbi tí wọ́n ti máa ń ka ìtàn fún àwọn ọmọdé, ìtàn Bessie Coleman, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó di awakọ̀ òfurufú, ni wọ́n sì kà. Obìnrin tó kà á kò kánjú rárá. Ó ṣàlàyé bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ṣe kọ Bessie, tó ń tún èékánná ṣe ní Chicago nígbà náà, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin àti aláwọ̀ dúdú, títí ó fi kọ́ èdè Faransé, tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú ní oṣù kẹfà ọdún 1921. Ọmọ mi béèrè bóyá Faransé ṣòro láti kọ́, obìnrin náà sì fi sùúrù dá a lóhùn.

Ohun tí mo mọrírì jù ni pé wọn kò fi ikú rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ: ẹni ọdún 34 ni nígbà tó jábọ́ láti inú bàálù ní ìlú Jacksonville ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1926, láì tíì rí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú tó fẹ́ dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú.

Owó ìwọlé kò wọ́n. Àmọ́ yàrá náà gbóná, ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo ló sì wà, àwa òbí tó fẹ́ rà á pa dà sílé lọ́wọ́ òfo.