NRD: àkójọ àkọsílẹ̀ ọsíbítù tó mọ ẹni tó padà wá

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lo NRD, ìyẹn Nationwide Readmissions Database tí AHRQ, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ń tà fún àwa olùwádìí. ERCP ló gbé mi débẹ̀: okùn oníwò tín-ínrín tí dókítà ń tì gba ọ̀fun wọ inú, tó fi ń yọ òkúta tó dí ọ̀nà òróòro. Wọ́n ṣe é fún màmá mi ní Houston nígbà tí ibà pọ́njú dá wọn wólẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a tún fi sáré gbé wọn padà, inú ń run wọ́n, ara wọn gbóná janjan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá iye àwọn tó ń padà bẹ́ẹ̀.

NRD ló dá mi lóhùn. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 10 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan, NRD_VisitLink, tó ń tẹ̀ lé e káàkiri àwọn ọsíbítù ìpínlẹ̀ kan náà. Nọ́ńbà mìíràn, NRD_DaysToEvent, ló ń fi ọjọ́ tó wọlé hàn láìsọ déètì gan-an. Ẹ jẹ́ ká ní ti ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ 14203, ó lo ọjọ́ 3 lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ti ẹ̀ẹ̀kejì sì jẹ́ 14219. Ẹ yọ 14203 kúrò, ó ku 16. Ẹ yọ 3, ó ku 13. Ọjọ́ 13 lẹ́yìn tó délé ló padà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ìṣirò yìí jọ ara, ńṣe ni mo dìde lórí àga. NIS (National Inpatient Sample), àkójọ AHRQ mìíràn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti wà láti 1988, kò lè ṣe èyí: ẹni tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, èèyàn mẹ́ta ló kà á sí.

Nọ́ńbà náà kì í ré ọdún kọjá o. Ẹni tó kúrò ní December 28, tó padà ní January 4, ó ti sọnù nìyẹn. Torí náà, bí ẹ bá ń ka ìpadàbọ̀ láàárín ọjọ́ 30, ẹ yọ àwọn tó kúrò ní December. Àwọn tó ṣe ERCP tí wọ́n sì lọ sílé lọ́jọ́ kan náà kò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n sì pọ̀. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí ìwé ìwádìí tó pe ti inú NRD ní gbogbo ERCP Amẹ́ríkà. NRD kò sì sọ ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èyí dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí fún àwa.

Ẹ̀yin tó fẹ́ rà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2016. Ní October 2015 ni kóòdù tí àwọn ọsíbítù fi ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún aláìsàn yí padà: 51.88 tí a fi ń mọ yíyọ òkúta di 0FC98ZZ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi kò rántí, òkúta sì pòórá nínú tábìlì mi fún oṣù mẹ́ta tó parí 2015. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá ohun tó fà á. Bí ẹ bá ń rà á, akẹ́kọ̀ọ́ kì í san tó àwa yòókù. Bí iye èèyàn inú àpótí tábìlì kan bá jẹ́ 10 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó wà nínú àdéhùn tí ẹ máa fọwọ́ sí.