Àpò Royal Canin Maxi Puppy ní Ògbómọ̀ṣọ́: oúnjẹ náà dára, ọwọ́ tó ń bù ú ni kí ẹ ṣọ́

Bí ọmọ Alsatian bá wà nílé yín, tí ẹ rí àpò Royal Canin Maxi Puppy tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, tí owó sì wà lọ́wọ́, ẹ rà á. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn láti Tákíẹ́ dé Under-G ń wá lára ọmọ ajá, ìyẹn kó sanra kíákíá kí àwọn ará àdúgbò lè máa bẹ̀rù rẹ̀, kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fi lépa ìyẹn yóò náwó púpọ̀, yóò sì fi ra àìsàn oríkèé fún ajá rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú àpò. Maxi wà fún ajá tí yóò wọn kìlò 26 sí 44 nígbà tó bá dàgbà tán, ó sì ń jẹ ẹ́ láti oṣù 2 sí oṣù 15. Akọ Alsatian bọ́ sí i wẹ́kú, torí kìlò 30 sí 40 ni. Abo kì í ju 22 sí 32 lọ, nítorí náà èyí tí ìyá rẹ̀ kéré lè jẹ́ ti Medium, àpò tó wà fún ajá tó kéré sí ti Maxi. Boerboel àti Caucasian kò sí níbí rárá: wọ́n ń kọjá kìlò 45, Giant Puppy ni tiwọn, láti oṣù 2 sí oṣù 8. Rottweiler ló wà lórí ààlà, akọ ń tó kìlò 50, abo ń tó 42. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ka àpò fúnra yín. Ẹ bèèrè ìwọ̀n bàbá àti ìyá ajá náà kí ẹ tó sanwó, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ajá tí wọ́n ti lú mọ́ ajá ìbílẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Alsatian.

Kálísíọ̀mù lọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Kí ọmọ ajá tó pé nǹkan bí oṣù 6, ìfun rẹ̀ kò lè kọ èyí tó bá pọ̀jù. Bó bá ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ ni yóò ṣe máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó. Egungun rírọ̀ tó wà lẹ́nu oríkèé kò ní lè le bó ṣe yẹ, yóò nípọn jù, yóò sì ya ní èjìká tàbí ìgúnpá. Ìdí nìyí tí AAFCO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ ẹran ní Amẹ́ríkà, fi fi ààlà sí i: fún ọmọ ajá tí yóò tó kìlò 32 bó bá dàgbà, kálísíọ̀mù kò gbọdọ̀ dín ní 1.2%, kò sì gbọdọ̀ ju 1.8% lọ nínú oúnjẹ tí a ti yọ omi rẹ̀ kúrò.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Wọ́n ra oúnjẹ tí wọ́n ti wọ̀n dáadáa yìí, wọ́n tún yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn aládìyẹ lọ ra egungun lílọ̀ kún un, "kí egungun rẹ̀ lè le." Oúnjẹ tí kálísíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 1.2%, gíráàmù 300 rẹ̀ lójúmọ́ ń fún ajá ní gíráàmù 3.6. Ṣíbí ìjẹun kan egungun lílọ̀, bíi gíráàmù 10, ń gbé 2.4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ó di 6, bẹ́ẹ̀ 1.8% gíráàmù 300 kò ju 5.4 lọ, ààlà ti fọ́. Oògùn kálísíọ̀mù olómi náà kò yàtọ̀. Ẹ má fi ohunkóhun kún un. Ẹni tó ń fún ajá ní láfún àti orí ẹja ní wàhálà tirẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ iye kálísíọ̀mù tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹran pọ́nńbélé láìsí egungun kò ní in tó rárá, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀. Dókítà ẹran ni yóò bá irú wọn ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ṣíbí.

Àtẹ tó wà lẹ́yìn àpò dára, àmọ́ òdì ni ọ̀pọ̀ ń kà á. Ìwọ̀n tí ajá yóò ní bó bá dàgbà ni wọ́n to síbẹ̀, pẹ̀lú iye oṣù rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ lónìí. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán sì ni. Ọmọ ajá oṣù mẹ́rin ààbọ̀ tó wọn kìlò 15 kò nílò ju nǹkan bíi gíráàmù 270 sí 340 lójúmọ́ lọ, kí a pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bó bá ti pé oṣù 6, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Agolo mílíìkì tí àwọn ọmọ ilé fi ń bù ú máa ń kún ju ara wọn lọ, kí oṣù tó parí ajá ti jẹ ju bó ṣe yẹ.

Ọwọ́ yín ló máa sọ bóyá ó tó. Ẹ fi ìka pa ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́: bí ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ yín tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ ló yẹ kó rí, egungun wà níbẹ̀, ẹran díẹ̀ bò ó. Ẹ wò ó láti òkè, ìbàdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọnú díẹ̀. Bí ìhà bá ń farasin, ẹ dín oúnjẹ kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lórí òṣùwọ̀n, èyí tí yóò di kìlò 35 kì í fi ju ìdajì kìlò sí kìlò kan lé lọ́sẹ̀ láàárín oṣù 5 àkọ́kọ́. Ẹ gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Ikùn tó yọ síta nígbà tí ìhà hàn kì í ṣe ọ̀rá, aràn ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ lo oògùn aràn kí ẹ tó fi oúnjẹ kún oúnjẹ.

Purina, tó ń bá Royal Canin dupò lọ́jà, ló ṣe ìwádìí tó ti èyí lẹ́yìn jù lọ. Labrador 48 ni wọ́n lò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002: àwọn tí oúnjẹ wọn fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ẹlẹgbẹ́ wọn láti kékeré fi nǹkan bí ọdún 1.8 pẹ́ láyé jù wọ́n lọ, ìrora oríkèé sì pẹ́ kó tó mú wọn.

Lórí owó, àpò kìlò 15 ń lọ nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ bí ajá bá ń jẹ gíráàmù 300. Ẹ fi 50 pín iye owó, kí ẹ fi wé àpò kìlò 4 tí ń tán láàárín ọjọ́ mẹ́tàlá. Ajá kan ṣoṣo kékeré kò ní jẹ àpò ńlá tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, torí ooru ìlú wa ń ba ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́. Bí àpò bá ti ṣí, ẹ jẹ́ kó tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà; àádọ́ta ọjọ́ sì ti kọjá ìyẹn díẹ̀. Ẹ fi í sínú àpò rẹ̀, kí ẹ gbé àpò sínú ike onídérí. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n látinú àpò ṣíṣí tàbí tí wọ́n ti di sínú ọ̀rá, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó: kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ kò sì lè mọ̀ bóyá Maxi ni tàbí oúnjẹ ajá àgbà.

Bí ẹ bá ń bọ́ sí i látinú oúnjẹ ilé, ẹ lo ọjọ́ méje: ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọjọ́ méjì, ìdajì fún ọjọ́ méjì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ọjọ́ méjì, kó tó di gbogbo rẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá rọ̀, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá sì ń yà síta, tàbí tó ń fò pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, àpò míràn kọ́ ló kàn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ó pinnu bóyá ẹ máa lọ ya àwòrán egungun rẹ̀ ní Ìbàdàn.