Kíìtì cDNA tí mo fi ń wọn mRNA histone: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe RT-qPCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ RNA di ẹ̀dà DNA, ìyẹn cDNA, ká lè wọn bó ṣe pọ̀ tó) lórí jíìnì histone, prótéènì tí DNA ń wé mọ́, tàbí tí ẹ ń múra àtibẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú primer (ègé DNA kékeré tí ẹ̀dà ti ń bẹ̀rẹ̀) tó wà nínú kíìtì cDNA yín kí ẹ tó sanwó. Èyí tí èmi ń lò ni High-Capacity cDNA Reverse Transcription Kit ti Applied Biosystems, lábẹ́ Thermo Fisher. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi yàn án kò ju ẹyọ kan lọ: random primer ló bá a wá, kì í ṣe oligo-dT, èyí tó ń wá ìrù poly-A (ọ̀wọ́ lẹ́tà A) ní ìparí RNA. Fún ọ̀pọ̀ jíìnì, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Fún histone, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Lára ènìyàn àti ẹranko, ìrù poly-A ló máa ń wà lẹ́yìn mRNA, àmọ́ mRNA histone tí sẹ́ẹ̀lì ń lò nígbà tó bá ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀ kò ní in. Níparí tirẹ̀, RNA náà ṣẹ́rí padà, ó so mọ́ ara rẹ̀, ó di òpó kékeré tí òrùka wà lórí rẹ̀: ìsopọ̀ mẹ́fà ni òpó, lẹ́tà mẹ́rin ni òrùka. Prótéènì tí wọ́n ń pè ní SLBP ló ń di ibẹ̀ mú. Oligo-dT dà bí ẹni tó fẹ́ fi ìrù mú ẹran tí kò nírù. Òfo ni yóò mú bọ̀. Random primer ní tirẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ibi púpọ̀ lára RNA, kò bèèrè ìrù.

Mo dán an wò kó lè dá mi lójú. Mo mú RNA láti ara HeLa, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń tọ́ nínú láàbù, tó wà láàárín ìpele S (ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀), mo pín in sí méjì. Apá kan bọ́ sínú kíìtì yìí, apá kejì bọ́ sínú kíìtì mìíràn tó jẹ́ oligo-dT nìkan. GAPDH, jíìnì tí a fi ń ṣe ìfiwéra, jáde dáadáa nínú méjèèjì. H3-3B, jíìnì tó ń ṣe histone H3.3, náà jáde, nítorí pé H3.3 kì í dúró de ìpele S; jíìnì rẹ̀ ní intron (apá tí a máa ń gé kúrò nínú RNA), mRNA rẹ̀ sì ní ìrù bíi ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan H4, ọ̀kan lára àwọn histone ìpele S tí mRNA wọn kò nírù, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú kíìtì yìí, ìlà rẹ̀ tètè gbéra, ó mọ́, ó tẹ́ lórí. Nínú ti oligo-dT, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ihò tí n kò fi ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe cDNA sí rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn òpó àti òrùka á ní jíìnì náà ti sùn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ gan-an nìyẹn.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣọ́ histone tó. DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bíi mítà méjì, ara histone ló sì wé mọ́: lẹ́tà 147 ń yí histone mẹ́jọ po, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin. Tí ẹ̀dà DNA bá ń jáde, histone gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ tí ìpele S fi ń wáyé nínú HeLa. Tí kò bá tó, DNA tuntun kò ní rí ohun wé mọ́. Tó bá sì pọ̀ jù, èyí tó ṣẹ́kù á máa lẹ̀ mọ́ ohun tí kò yẹ, á sì ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ìdí nìyí tí ìṣọ́ náà kì í fi í ṣe lójú kan.

Nígbà tí ìpele S bá ń wọlé, prótéènì cyclin E àti CDK2 máa ń fi fọ́sífétì sára prótéènì NPAT, tó jókòó ti àwọn ìdìpọ̀ jíìnì histone lórí krómósóòmù 6 àti 1, kíkọ RNA á sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kíkọ nìkan kọ́. Ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín fi hàn pé kíkọ ń lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí mRNA fúnra rẹ̀ ń lọ sókè ní nǹkan bíi ìlọ́po 35. Gígé ìparí RNA náà àti pípẹ́ láyé rẹ̀ ló dí àlàfo yẹn. U7 snRNP (àkójọ RNA kékeré àti prótéènì) á so mọ́ ìsàlẹ̀ òpó, SLBP á di òpó mú, ẹ́ńsáìmù CPSF73 á sì gé RNA láàárín wọn. Tí ìpele S bá ti parí, wọ́n á fi fọ́sífétì sára SLBP ní threonine (ọ̀kan lára amino acid tó para pọ̀ di prótéènì) 60 àti 61, sẹ́ẹ̀lì á sì fọ́ ọ túútúú. mRNA histone á bá a lọ.

Ibí yìí ni kíìtì náà ti tẹ́ mi lọ́rùn jù. Mo fi thymidine 2 mM dá àwọn sẹ́ẹ̀lì dúró lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè jọ rìn, mo tú wọn sílẹ̀, mo ń kó RNA bí wákàtí ṣe ń lọ. H4 gòkè, ó dúró lókè, ó sì ṣubú bí wọ́n ṣe kúrò ní ìpele S, bí ìwé ṣe wí. Mo tún bu hydroxyurea sínú abọ́ kan láàárín ìpele S láti dá ìṣẹ̀dà DNA dúró. Kó tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tó pọ̀ jù nínú H4 ti lọ, GAPDH kò sì mira. Sẹ́ẹ̀lì kì í dúró kí mRNA náà gbó: á fi uridine (lẹ́tà U) díẹ̀ kún ìparí rẹ̀, prótéènì UPF1 àti Lsm1-7 á dé, wọ́n á sì jẹ ẹ́ run. Kíìtì tó lè fi ìyípadà tó yá báyìí hàn láì da nǹkan rú, mo gbà fún un.

Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Jíìnì histone wọ̀nyí kò ní intron, nítorí náà primer yín kò lè fi intron mọ cDNA yàtọ̀ sí DNA tó bá ṣẹ́kù nínú RNA. Kíìtì náà kò ní DNase (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ DNA) nínú, ẹ ra tiyín lọ́tọ̀, ẹ má sì ṣe gbàgbé láéláé láti fi ihò tí kò ní ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe cDNA sí i. Jíìnì H4 tún ju mẹ́wàá lọ, wọ́n jọra gan-an. Ẹ wo primer yín dáadáa, kí ẹ sì rántí pé orúkọ ti yí padà: HIST1H4A àtijọ́ ni H4C1 báyìí. Ẹ béèrè èyí tí RNase inhibitor (ohun tí kì í jẹ́ kí RNA bàjẹ́) bá wá, nítorí wọ́n ń ta èyí tí kò ní in náà.

Ìwọ̀n 25 °C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 37 fún wákàtí méjì, 85 fún ìṣẹ́jú márùn-ún ni ètò rẹ̀. Wákàtí méjì yẹn gùn níbi tí iná kò dúró. Ẹ so ẹ̀rọ PCR mọ́ inverter kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. RNA tó tó 2 µg ló ń gbà nínú 20 µL, èyí sì ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ kò fẹ́ ooru rárá, -20 ni ibùgbé rẹ̀. Aṣojú kan ti gbé àpótí wá fún wa rí tí yìnyín inú rẹ̀ ti di omi, ó sì ní kò burú. A kò gbà á. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí lójú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Tí ẹ bá sì ń ronú láti fi RNA ránṣẹ́ fún RNA-seq (kíka lẹ́tà gbogbo RNA) dípò qPCR, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó fẹ́ bá yín ṣe é: ṣé poly-A ni wọ́n fi ń ṣa mRNA, àbí wọ́n ń yọ rRNA (RNA ti ráíbósóòmù) kúrò ni? Ìkejì ni kí ẹ sanwó fún.