Ìkìlọ̀: ọkọ̀ tí ẹ bá bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní gbígbóná, ẹ má rà á

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń wá ọkọ̀ àlòkù rà lọ́wọ́ báyìí, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́. ₦3,850,000 ni mo kà sílẹ̀ fún ọkọ̀ kan ní Ìbàdàn níbí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni mo fi wà á. Lọ́jọ́ kejìlélógún, ó kú sójú títì pẹ̀lú ìyá ìyàwó mi nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ti jó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti jó. Ó ti jó kí n tó fojú kàn án. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì gba owó mi.

Mi ò ní dárúkọ irú ọkọ̀ náà, torí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò jẹ̀bi. Mi ò ní dárúkọ oníṣòwò náà, torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Tíṣà ni mí. Mílíọ̀nù méjì nínú owó yẹn, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni. ₦60,000 ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi, wọ́n á sì máa yọ ọ́ fún ọdún mẹ́ta, ọkọ̀ rìn o, ọkọ̀ ò rìn o.

Ìparí oṣù Kejìlá ni mo rà á. Mo fẹ́ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Sátidé. Oníṣòwò náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sí aago méjì, mo ní ìpàdé kan láàárọ̀." Mo gbà. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti sítáàtì ọkọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi aṣọ nu ara ọkọ̀ náà. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ti tàn án sílẹ̀. Ó ní AC ló fẹ́ kó ti tutù kí n tó wọlé, torí oòrùn mú. Inú mi dùn! Mo rò pé wọ́n ń tọ́jú mi ni. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo àṣírí ẹ́ńjìnnì yẹn, àárọ̀ ló ń sọ ọ́, nígbà tó bá tutù. Ìdí tí wọ́n fi ní kí n wá ní aago méjì nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ìmọ̀ náà ti pẹ́ jù fún mi.

Àwọn kan ti bi mí pé, "Ṣé ẹ ò mú mẹkáníìkì dání ni?" Mo mú un dání! Ọmọkùnrin tó ti ń tún ọkọ̀ mi àtijọ́ ṣe fún ọdún mẹ́fà ni. Mo fún un ní ₦20,000 kí ó bá mi wò ó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì yọ, ọ́ìlì mọ́ lára rẹ̀ bí oyin. Ó wo inú ike omi, kúláǹtì pupa tuntun, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ló wà níbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ iná, ó dẹ etí sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yìí ò lẹ́bi." Ọkọ̀ tó ti rin kìlómítà 214,000, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dán bí ìkòkò tuntun, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ nínú àwa méjèèjì pé kí ló dé tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tuntun, omi tuntun, ẹ́ńjìnnì fífọ̀, lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ń pa àmì rẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ń ka owó, mẹkáníìkì mi àti oníṣòwò náà jọ lọ sẹ́yìn kọ̀ǹténà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan, mi ò sì ní fi ohun tí mi ò rí búra. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti kú, kò gbé fóònù mi mọ́. Ọdún mẹ́fà!

A wa ọkọ̀ náà wò o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ò wà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, AC ń tutù, ọwọ́ tó ń fi ooru hàn dúró sí àárín gbọọrọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n ti yọ tẹmósítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, kúrò, wọ́n sì ti já wáyà fáànù, wọ́n so ó tààrà kí ó lè máa yí láìdúró. Ọkọ̀ tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó lè rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyẹn láì gbóná. Kò lè dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí i pé omi ti dín kù. Mo wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀, ó gbẹ. Mo wo họ́ọ̀sì, kò sí ibi tó ń jò. Mo pe oníṣòwò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ooru ọ̀sán ni, ẹ kàn máa bu omi sí i." Mo ń bu omi sí i. Láràárọ̀, tí mo bá sítáàtì rẹ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe fún bí ìṣẹ́jú kan, èéfín funfun á tú jáde ní sàlẹ́ńsà, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọyẹ́ ló ń fa èéfín. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì! Omi tí kò jò sílẹ̀ tó sì ń tán, níbo ni mo rò pé ó ń lọ? Inú iná ló ń lọ. Ó ń hó di ooru omi níbẹ̀, ó sì ń jáde lẹ́yìn bí èéfín funfun. Ìyẹn, ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Bí mo bá ti gbé e lọ síbi àyẹ̀wò lọ́jọ́ kẹrin yẹn, tọ́ọ̀pù rẹ̀ lè má tẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí n máa bu omi sí i? Ẹni tó mọ ohun tó tà ni!

Àbúrò ìyá ìyàwó mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ Sátidé ni ìsìnkú. Màámi ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ èrò, pé ọkọ ọmọ àwọn ti ra ọkọ̀. Wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ òkè wọn, wọ́n ń gbàdúrà fún mi lójú ọ̀nà. A kọjá Mọ́níyà, a kọjá Fìdítì. Ìyàwó mi ní kí ló ń rùn bí nǹkan dídùn yìí. Kí n tó dáhùn, ọwọ́ ooru ti wọ inú pupa, ọkọ̀ ò lágbára mọ́, èéfín ti bo iwájú. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Mo fi àkísà di ọwọ́, mo fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta ọsàn kígbe mọ́ mi, ó sáré wá, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ọlọ́run ló rán an. Omi inú rédíétọ̀ tí a dé pa máa ń gbóná kọjá 100°C tí omi inú ìkòkò fi ń hó, bí ẹ bá sì ṣí i lójijì, ojú àti àyà ló máa fọ́n sí.

Wákàtí méjì la fi wà lábẹ́ oòrùn yẹn. Màámi ò sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Mo rí mícrà kan fún wọn nígbẹ̀yìn. Wọ́n ti sin òkú kí wọ́n tó dé. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí òun ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn: wọ́n ti sin ọmọ ìyá wọn kí wọ́n tó dé. Èló ni oníṣòwò yẹn fẹ́ san dípò ìyẹn?

₦75,000 ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn.

Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì ló bá mi wá ohun tó ṣe é, kò sì kánjú. Ó ṣàlàyé fún mi pé pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni gásíkẹ́ẹ̀tì náà, àárín bílọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, àti tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí rẹ̀, ló wà, òun ló ń ya omi, ọ́ìlì àti iná sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa wá ara wọn kiri. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ó bu omi kún rédíétọ̀ dé ẹnu, kò dé e, ó sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì ṣì tutù bí omi inú àmù, mo fi ọwọ́ mi kàn án, síbẹ̀ omi ń yọ fóòmù, ó ń hó gúlúgúlú bí ọbẹ̀ lórí iná. Afẹ́fẹ́ inú iná ló ń tú sínú omi. Ó gbé ìgò kékeré kan tí omi búlúù wà nínú rẹ̀ lé ẹnu rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ náà gba inú rẹ̀ kọjá. Kò pẹ́, búlúù di yẹ́lò, àmì pé afẹ́fẹ́ inú iná ti wọ inú omi. Ó tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kẹta mọ́ funfun bíi pé wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó fi psi wọn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀: ìkíní 175, ìkẹrin 170, ìkejì 95, ìkẹta 90. Méjì tó fara kan ara wọn ló rọ. Nígbà tó wá ṣí tọ́ọ̀pù, àárín ìkejì àti ìkẹta náà ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó dúdú. Ihò omi kún fún nǹkan líle bí amọ̀ gbígbẹ, oògùn tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ láti fi dí ibi tó ń jò. Ooru ló ń mú un le. Ó dí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye ìgbà tí wọ́n nílò nìyẹn.

Ẹni tó da oògùn sí i, tó yọ tẹmósítáàtì, tó so fáànù, tó pa ọ́ìlì dà, ẹ tún máa sọ fún mi pé kò mọ̀?

Ẹ wò, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Ẹ lọ ṣáájú aago méje àárọ̀, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bó bá gbóná, ẹ máa lọ. Bó bá tutù, ẹ fúnra yín ṣí rédíétọ̀, ẹ wo omi, ẹ wo abẹ́ ìdérí ọ́ìlì bóyá ó dà bí ògì. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì sítáàtì, kí ẹ dúró sẹ́yìn wo èéfín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tẹ họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀: bó bá ti le gbagidi, ẹ sá. Ẹ béèrè bóyá tẹmósítáàtì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wà á jìnnà. Mẹkáníìkì tí oníṣòwò ò mọ̀ rí ni kí ẹ mú lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan tú ẹ́ńjìnnì yín torí pé ọkọ̀ gbóná lásán. Fáànù tó kú, rédíétọ̀ tó dí, pọ́ǹpù omi, gbogbo wọn ló ń mú ọkọ̀ gbóná. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, ìrì lásán sì lè fa funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò níṣojú yín. Àwọn náà ń jẹ ènìyàn o! Oníṣòwò ń jẹ, mẹkáníìkì ń jẹ, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń jẹ. Wọ́n máa ní olóòótọ́ wà nínú wọn. Kí olóòótọ́ yẹn jáde kí n rí i.

₦412,000 ni bàbá náà ṣírò fún gásíkẹ́ẹ̀tì, fífá ojú tọ́ọ̀pù tó ti tẹ̀, rédíétọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Bí bílọ́ọ̀kù bá ti fọ́, ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù, àlòkù láti òkè òkun, ló kù, ìyẹn ju mílíọ̀nù kan lọ.

Mo padà lọ bá oníṣòwò náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago méjì ọ̀sán. Ó fi rìsíìtì hàn mí, pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo ṣe rí i ni mo ṣe rà á. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà, mo sì ti kọ ìwé ẹ̀sùn, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́, mo gbúròó ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn mi. Ọmọọṣẹ́ kan náà ló ń nu ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, ó ti tàn án sílẹ̀. Tọkọtaya kan ń wọlé bọ̀ láti ẹnu géètì, obìnrin náà gbé àpò mọ́ àyà. Mo kígbe sí wọn pé kí wọ́n bèèrè ìgbà tí wọ́n ti sítáàtì rẹ̀. Àwọn ọmọ oníṣòwò dì mí mú, wọ́n ń tì mí síta. Kí wọ́n tó ti géètì, mo rí obìnrin náà tó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì yára ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rà á.