Ilé ìdáná ìjọ wa lẹ́yìn àtúnṣe: ohun tó tó owó rẹ̀, àti èyí tí kò tó o

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ìkórè kọjá kí n tó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ilé ìdáná ìjọ tí wọn kò tíì fi se oúnjẹ ìkórè, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Ìbàdàn ni ìjọ wa wà, ilé náà sì ti pẹ́. Ohun tí a tún ṣe ni ilé ìdáná, gbọ̀ngàn ìpàdé tó fara mọ́ ọn, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ìyá máa ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ ìjọ ló fọwọ́ ara wọn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Mo wà lára àwọn tó ń dáná, nítorí náà ojú alásè ni mo fi wo gbogbo rẹ̀.

Ohun tó tó owó rẹ̀ jù lọ ni ààrò gáàsì. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ilé la ti ń dáná lábẹ́ páànù. Bí òjò bá rọ̀, igi á tutù, èéfín á bo gbogbo wa, àwọn ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún á sì máa hukọ́ di ọjọ́ kejì. Ní báyìí a ní ojú ààrò mẹ́fà tí wẹ́dà àdúgbò fi irin tó nípọn ṣe, tí gíga rẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ra sítóòfù gíga irú ti ilé oúnjẹ òyìnbó fún ìjọ tó ń se oúnjẹ Yorùbá. Ìkòkò ìrẹsì tó kún, ẹni méjì ló ń gbé e, wọ́n á sì tún mí. Bí ààrò bá ga dé ìbàdí, ta ni yóò gbé e gun orí rẹ̀? Ta ni yóò sì rí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí yóò fi rò ó?

Ẹ tún sọ fún wẹ́dà kó jó irin kúkúrú mẹ́rin mọ́ etí ojú ààrò kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ro àmàlà ọgọ́rùn-ún ènìyàn rí yóò mọ ìdí. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí, àmọ́ sítóòfù gáàsì tí kò ní ohun tó di ìkòkò mú lè dà á nù: bí ọmọrogùn bá ṣe ń lọ ni ìkòkò á máa bá a lọ. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ló dá àbá irin náà nígbà tí wẹ́dà wá wọn nǹkan, èmi kò sì rò pé owó kankan wà nínú iṣẹ́ yìí tó kéré bẹ́ẹ̀ tó sì wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Sílíńdà wa méjì, oní 50 kílò, wà níta nínú àgò onírin tó ní kọ́kọ́rọ́. Páìpù ló ń gbé gáàsì wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, kò ní gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ni yóò máa rìn, yóò sì kó jọ sí kọ̀rọ̀ títí tí iná kan yóò fi bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, nítòsí ilẹ̀, yàtọ̀ sí fèrèsé tó wà lókè. Oníṣẹ́ gáàsì tí a sanwó fún ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó fi ìhó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù lójú wa, àwa náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí a bá pààrọ̀ sílíńdà: ibi tí ìhó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ń jò. Ọmọ ìjọ kan fẹ́ bá wa so ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni rere ni, ó mọ iṣẹ́ iná mànàmáná dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gáàsì kọ́ ló kọ́, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé iṣẹ́ mìíràn fún un.

A kò wó ààrò igi tó wà lẹ́yìn. Ìrẹsì ìnáwó tí èéfín kò fẹ́ sí, àwọn kan kì í kà á sí ìrẹsì, mo sì wà pẹ̀lú wọn. Ìkòkò kan tàbí méjì la ń gbé síbẹ̀ nísinsìnyí, ìyókù ń jinná lórí gáàsì nínú ilé, ọjọ́ òjò kò sì dẹ́rù bà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kàn. Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ ra táìlì funfun tó ń dán, irú èyí tó wà ní pálọ̀ àwọn ènìyàn. Àwọn ìyá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Epo pupa, omi ẹ̀fọ́ àti táìlì dídán kò gbọdọ̀ pàdé níbi tí ènìyàn ti ń gbé ìkòkò gbígbóná kọjá. Èyí tí ojú rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ la rà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ àléébù rẹ̀ o: ìdọ̀tí máa ń há sí i lójú, mọ́ọ̀pù lásán kò ràn án, àfi búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi gbígbóná tí ẹ po ọṣẹ sí. Sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi dí àárín táìlì sì ti di àwọ̀ epo kí ìkórè tó parí. Kò sí ọṣẹ tó bọ́ ọ. Ẹ ní kí onítáìlì lo aláwọ̀ eérú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ti hàn jù nìyí. Wọ́n fi òòlù àti ṣísẹ́lì fọ́ ilẹ̀ àtijọ́, wọ́n fi bárò kó o dà nù, wọ́n jọ yanrìn, wọ́n ru sìmẹ́ǹtì. Bí a bá sanwó fún gbogbo ìyẹn, owó táìlì kò bá má kù. Onítáìlì wá bá ilẹ̀ tó ti mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló gba owó lé. Ohun kan tó yẹ kí ẹ dúró tì í lórí rẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ rọra tẹ̀ sí ìhà gọ́tà. Ẹ da omi sí i kó tó lẹ táìlì kankan, kí ẹ wo ibi tí omi ń ṣàn lọ.

Sínkì tí a rà kò wúlò tó bí a ṣe rò. Ó jinlẹ̀, ó dára fún abọ́, ṣíbí àti ẹ̀fọ́, àmọ́ ìkòkò ńlá kò wọ inú rẹ̀. Ohun tó gbà wá ni ojú ìfọkòkò tí bíríkìlà mọ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, tí ó fi búlọ́ọ̀kù kúkúrú yí ká, tí ẹnu ẹ̀rọ omi wà lókè rẹ̀. Ènìyàn á yí ìkòkò síbẹ̀, á jókòó lórí àpótí, á fọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Bí owó yín bá kéré, ẹ mọ irú rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan sínkì olówó ńlá.

Kí omi ìfọkòkò tó dé sókàwéè, ó kọ́kọ́ ń gba inú àpótí kọ́ńkéré kan kọjá. Omi máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi ìsàlẹ̀ á sì bá páìpù rẹ̀ lọ. Láìsí i, ọ̀rá ọbẹ̀ á dì mọ́ inú páìpù títí yóò fi dí pátápátá. Pọ́ńbà ló ṣe é fún wa, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́n ọ̀rá náà, òórùn rẹ̀ kò sì dára rárá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní oṣù tirẹ̀ báyìí: ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ àwọn bàbá, gbogbo wọn pátá. Àwọn bàbá ráhùn lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ tí ilé rẹ̀ ti pẹ́ fetí sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ àjà. Àjà gbọ̀ngàn wa jẹ́ páálí asbestos, irú èyí tó pọ̀ nínú ilé ìjọ, ilé ìwé àti ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ láyé ìjelòó. Bí ó bá wà jẹ́ẹ́ lókè tí kò sán, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ, tí a gé e, tí a fi ayùn rẹ́ ẹ, ni ewu dé, nítorí pé eruku rẹ̀ ní fọ́nrán tín-ín-rín tí ojú kò lè rí, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń wọ̀ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé gbogbo oríṣi asbestos ló lè fa jẹjẹrẹ, àrùn náà sì lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó farahàn. Ẹ ro ó wò: ọmọ ọdún méjìdínlógún tó fi tayọ̀tayọ̀ gbé òòlù wá sí iṣẹ́ Olúwa, kó wá máa wú ikọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ti di bàbá ọlọ́mọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti pinnu pé Sátidé kan làwọn máa fi wó gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ ló dìde nínú ìpàdé tó ní kò ṣeé ṣe. A sanwó fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n wọ ìbòmú gidi, wọ́n fi omi rin páálí náà, wọ́n tú u ní odindi láìfọ́ ọ, wọ́n fi ọ̀rá nínípọn dì í. Kò sẹ́ni tó wọ gbọ̀ngàn títí tí wọ́n fi fi aṣọ tútù nu gbogbo ibẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí a fi ìgbálẹ̀ gbá a. Owó yẹn dun ìgbìmọ̀. Èmi, kò dùn mí rárá.

Àjà oníke tí wọ́n ń pè ní PVC la fi rọ́pò rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Ó mọ́lẹ̀, ó fúyẹ́, àwọn ọmọ ìjọ tó jẹ́ káfíńtà ló kàn án. Ẹ má ṣe kàn án sí ilé ìdáná o, torí pé ooru tó tó 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti mú un rọ̀. Òkè ilé ìdáná wa ṣí sílẹ̀ dé páànù, ihò tí èéfín ń gbà jáde sì wà létí òrùlé.

Nípa àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ọ̀wẹ̀ ni, a sì ti mọ òfin ọ̀wẹ̀ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ilẹ̀ wa: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá. Sátidé tí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín bá ti wà nílẹ̀ láàárọ̀, tí oúnjẹ ọ̀sán gidi sì ń bọ̀, èrò máa ń pọ̀, wọ́n á sì dúró títí ìrọ̀lẹ́. Èyí tí wọ́n fi gálà àti omi inú ọ̀rá tọ́jú wọn, lẹ́yìn aago méjìlá kò sẹ́nì kankan mọ́. Ẹ yan olórí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́, kí àlùfáà àti ìgbìmọ̀ fi í sílẹ̀ kó darí. Tiwa jẹ́ bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì. Kì í pariwo, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gun àkàbà láìjẹ́ pé ó ti dì í mú wò. Àwọn ọmọdé kò gun nǹkan kankan. Apá ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n kùn, ọ̀dà olóyìnbó tó ṣeé fọ̀ la sì fún wọn, torí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ ń kàn. Ó rí págunpàgun díẹ̀ níbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un kùn.

Gbọ̀ngàn náà dára lójú, ṣùgbọ́n ohùn ń dún padà níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀ táìlì, ògiri líle, àjà PVC: bí àgbà ogójì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí etí rẹ̀ ti ń wúwo kò gbọ́ nǹkan kan. Aṣọ fèrèsé tó nípọn tí àwọn ìyá rán ti dín in kù, kò tíì tán. Fèrèsé tí a dá láàárín ilé ìdáná àti gbọ̀ngàn ni mo gbádùn jù: oúnjẹ ń gba ibẹ̀ jáde, kò sẹ́ni tó ń gbé àwo yí ilé ká mọ́. Àtẹ̀gùn ọ̀nà àbáwọlé náà ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbé e sọ́wọ́ wọlé tẹ́lẹ̀ sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wọlé fúnra rẹ̀.

Ohun tó kù ni ibi ìkó-ìkòkò sí. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nígbà tí a ń yàwòrán, àwọn ìkòkò sì wà ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn báyìí lábẹ́ aṣọ. Wẹ́dà ti wá wọn ògiri, a ti ní kí pákó rẹ̀ wá láti Bódìjà, ẹgbẹ́ àwọn bàbá ló sì ní àwọn á san owó rẹ̀.